Ẹ Má Fi Àkísà Dí I Mọ́
Bí ẹ bá wúkọ́ tàbí tí ẹ gbé àpò gàrí tí ìtọ̀ dà sí yín lára, tàbí tí nǹkan ń yọ lójú ara, kì í ṣe èpè o. Iṣan tó gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ dúró ló dẹ̀. Ìbímọ àti ẹrù wúwo máa ń fà á.

Ọdún 3 ni mo fi àkísà dí tèmi! Nọ́ọ̀sì ní kí n fún ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń di ìtọ̀ mú, kí n ka 5, kí n tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ìdí àtẹ ni mo ti ń ṣe é, oníbàárà ò mọ̀. Èyí tó ti yọ, dókítà lè fi òrùka gbé e sókè, tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ojú ń tì yín? Ẹ wá sí ìsọ̀ mi, a ó jọ lọ sí ọsibítù.