Nígbà tí Ebi Epo bá ń Pa Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ẹnu iṣẹ́ dé tààrà, àti pé àwọn kan ní mọ́tò níta tí wọn kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ni a fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí a parí ìwé kejì, àwọn awakọ̀ àárín yín ní kí a wá ohun tí yóò wúlò fún wọn lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ìtàn ajá àti àgùntàn ti sú wọn. Ohun tí wọ́n sọ tọ́.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í jó epo bẹntiróòlù nìkan. Ó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ ọn ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń po èlùbọ́ mọ́ omi. Bí èlùbọ́ bá pọ̀ jù, àmàlà yóò le. Bí omi bá pọ̀ jù, yóò máa ṣàn. Ti ẹ́ńjìnnì náà ní ìwọ̀n. Bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, epo kílò 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ju kílò 14 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 15. Bí epo bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín dúdú yóò máa jáde nídìí mọ́tò, òórùn epo yóò sì gba gbogbo ibẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro láti mọ̀. Bí epo bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ewu wà, nítorí kò sí èéfín tí ẹ ó rí. Àìsàn yìí ni àwa ń pè ní ebi epo.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ní òwúrọ̀, mọ́tò kò ní tètè sítáàtì. Bí ó bá dúró lójú kan, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò máa lọ sókè, yóò máa wá sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù kí ó sáré, yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ kú kí ó tó gbà. Nígbà mìíràn yóò wúkọ́ láti ẹnu kabúrétọ̀: pó! Ohun tí ó fa ikọ́ yìí ni pé àpòpọ̀ tí epo rẹ̀ kò tó kì í jó kíákíá. Iná ṣì ń jó lọ́wọ́ nígbà tí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tún ṣí, iná náà yóò sì yọ padà sẹ́yìn. Ooru tí ó ń pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì báyìí ni ó ń jó fáàfù, òun náà ni ó sì lè lu ihò sí orí písítìn.

Awakọ̀ takisí kan wà nínú àwọn tí ó bá wa kàwé ní alẹ́. Peugeot 504 àtijọ́ ni ó ń wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọdún 2023, tí epo sì wọ́n lójijì, mẹkáníìkì kan bá a dín ihò epo inú kabúrétọ̀ rẹ̀ kù, kí mọ́tò má baà mu epo. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí àṣírí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́tò ń gbóná, kò sì lè gun òkè mọ́. Nígbà tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, fáàfù méjì ti jó létí bí àkàrà tí ó pẹ́ jù nínú epo. Owó tí ó kó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó fi tún un ṣe. Kì í ṣe òun nìkan, nítorí a ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ibùdókọ̀ púpọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ẹ́ńjìnnì yín ní orúkọ pé ó ń bá yín ṣọ́ owó.

Púlọ́ọ̀gì ni ó máa ń jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n sórí aṣọ bí ẹ ti ń yọ wọ́n, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ wo imú wọn. Bí ó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ara ẹ́ńjìnnì dá. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ebi epo ni. Bí gbogbo wọn bá funfun, ẹ wá àìsàn náà sí ibi tí ó kan gbogbo wọn: kabúrétọ̀, asẹ́ epo, tàbí pọ́ǹpù epo. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo bá funfun, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa jò wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀kan náà.

Ẹ tún lè bi ẹ́ńjìnnì léèrè. Ẹ yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ sítáàtì mọ́tò, kí ẹ sì fi pátákó pẹlẹbẹ kékeré bo ẹnu kabúrétọ̀ díẹ̀, kì í ṣe pátápátá. Afẹ́fẹ́ yóò dín. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú, kì í ṣe ebi epo. Bí ohùn rẹ̀ bá jí, tí ó sì dúró dáadáa, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹni tí ó wọ agbádá kí ó bọ́ ọ kúrò kí ó tó súnmọ́ fáànù o!

Ó wá kù kí a mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ tàbí epo ni kò dé. Bí wàhálà bá pọ̀ nígbà tí mọ́tò dúró lójú kan, tí ó sì dín nígbà tí ó ń sáré, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbìkan. Bí ó bá dára ní ìdúró, ṣùgbọ́n tí ó ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè Èfọ̀n Aláayè pẹ̀lú ẹrù, epo ni kò dé tó.

Fún afẹ́fẹ́ tí ń jò, ẹ bu omi díẹ̀ sínú ike tí a fi ń fín omi. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ fín in sí ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, sí etí manifóòdù níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà, àti sí ara àwọn rọ́bà. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ni ó ń jò, nítorí omi dí ihò náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má fín in sí wáyà púlọ́ọ̀gì. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń wọ́n epo bẹntiróòlù dípò omi. Ẹ kọ̀ fún wọn. Mọ́tò lè gbiná. Nígbà mìíràn nọ́ọ̀tì tí ó tú lásán ni. Nígbà mìíràn rọ́bà tí ó ti là tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni a ó pààrọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé epo ni kò dé, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ asẹ́ epo, nítorí òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ihò epo inú kabúrétọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa mọ sítóòfù tí a ń pọ́ǹpù, tí a ń fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ bí ó bá dí. Ti kabúrétọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi wáyà gún un, ihò náà yóò fẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ títí láé. Epo mímọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù táyà fẹ́ ẹ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Ọ̀nà kan náà ni fún ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré.

Epo fúnra rẹ̀ náà lè jẹ̀bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju bí òfin ti wí wọ orílẹ̀-èdè wa. Mẹtanọ́ọ̀lù kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ bí epo bẹntiróòlù, nítorí náà mọ́tò tí ìwọ̀n rẹ̀ tọ́ fún epo gidi di ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkúnbọ̀ tuntun yóò sọ pé mọ́tò yín kò ní kabúrétọ̀. Òótọ́ ni. Nọ́sù ni ó ń fín epo, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀, ẹ sì ti mọ̀wé kà báyìí. Bí ríwáyà bá ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ní kí ó fi hàn yín. Bí ẹ bá rí P0171, lẹ́tà P, òdo, ọ̀kan, méje, ọ̀kan, ebi epo ni. P0174 jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, fún ẹ́ńjìnnì tí ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Nọ́ńbà yìí kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́ o. Ó sọ pé epo kò tó fún afẹ́fẹ́ ni, ìdí rẹ̀ sì lè jẹ́ rọ́bà tí ó là, pọ́ǹpù tí ó ti rẹ̀, nọ́sù tí ó dí, tàbí sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i tí ó ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ bi í pé: ṣé o ti wo àwọn rọ́bà? Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ó pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí ẹ wa mọ́tò fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì padà wá kí ó tún un wò lójú yín.