BÍ Ẹ̀RỌ TÍ A Ń FI ỌWỌ́ YÍ BÁ DÁKẸ́



Bí ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí a ń fi ọwọ́ yí bá dákẹ́, ẹ má tètè sọ pé ó ti kú. Èmi náà ti gbé ọ̀kan tì láti ìgbà ìkórè títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, kò fọhùn. Bátìrì inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, tàbí wáyà tí a ń kì bọ etí ṣì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yí i fún ìṣẹ́jú 2, kí ọwọ́ máa lọ déédéé. Àyípajú lè ká eyín jíà inú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fúyẹ́ jù, jíà ti lè jẹ tàbí kí wáyà ti já: ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe.

Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń yí i, tó sì dákẹ́ bí ẹ ti dáwọ́ dúró, bátìrì ti gbó. Irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. Ẹ má fi bátìrì iná tọ́ọ̀ṣì lásán sí i, torí ó lè jò tàbí kó bẹ́.

Bí òjò bá pa á, ẹ má yí i. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sá a síbi atẹ́gùn títí yóò fi gbẹ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, ẹ máa yí i lóṣooṣù.