LẸ́YÌN ÀTẸ́WỌ́ ŃKỌ́?

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:3-8, 19-21

Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Lẹ́yìn àtẹ́wọ́ ńkọ́?"

Liberty Stadium, tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè ní 2010, kò jìnnà síbí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wo Shooting Stars láyé ọjọ́sí, ẹ ò lè gbàgbé Rashidi Yekini. Ó gbá bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn yìí kó tó lọ Abidjan, ó sì dé Portugal ní 1990, ní ẹgbẹ́ Vitória Setúbal. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló gbá wọlé. Kò sẹ́ni tó jù ú lọ ní líìgì wọn. June 21, 1994, ní Dallas, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ó di àwọ̀n Bulgaria mú, ó ń sunkún. Ta ni ò pàtẹ́wọ́?

Ọdún yẹn náà ló kó lọ Olympiacos ní Gíríìsì, lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ẹsẹ̀ kan náà, ọkùnrin kan náà, ṣùgbọ́n nǹkan ò rí bíi ti Setúbal mọ́. Ó lọ Spain, ó padà sí Setúbal, ó lọ Switzerland, Tunisia, Saudi Arabia. Nígbà tó wálé, ó gbá fún Julius Berger, ó tún gbá fún Gateway ní 2005, ó ti lé lógójì ọdún. Ìbàdàn yìí ló padà fi ṣe ilé, òun nìkan ló ń dá gbé. Ó kú ní May 4, 2012, lẹ́ni ọdún 48.

Ará, mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo pàtẹ́wọ́ fún un ní 1994. Mi ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí. (Ìjọ dákẹ́.)

Ẹ wo Èlíjà. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run ní Kámẹ́lì ni, gbogbo èèyàn ló rí i. Kò pẹ́, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó dá wọ aginjù, ó ní kí òun kú. Ṣé Ọlọ́run bá a wí? Rárá o! Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un ní oúnjẹ, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó fún un ní Èlíṣà, kó má baà dá rìn mọ́.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń gbàdúrà físà, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà. (Àmín!) Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í lágbára títí ayé. Kọ́ nǹkan mìíràn mọ́ bọ́ọ̀lù nígbà tí owó ṣì ń wọlé. Mutiu Adepoju, ọmọ Ìbàdàn, gbá bọ́ọ̀lù ní Spain fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó ṣíwọ́, ó ṣe alákòóso àgbà Shooting Stars, ó sì di aṣojú La Liga ní Nàìjíríà. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n gbá ju Yekini lọ o! Iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀ fún un ni.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá pè láti òkè òkun, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè owó. Ẹ bi í pé, "Ṣé o rí oorun sùn? Ta lo ní níbẹ̀?"

Ẹ dìde, ká gbàdúrà. Olúwa, má jẹ́ kí n dá wà nígbà tí àtẹ́wọ́ bá dákẹ́. (Àmín!) Ẹni tó wà lábẹ́ igi júnípérì lónìí, fi mí gbé oúnjẹ lọ bá a. (Àmín!)

Ìwọ tó ń wò wá nílé, ẹnì kan wà tí o ti ṣe sàdáńkátà fún rí, tí o ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. (Àmín!)