Orúkọ Méjì fún Eṣinṣin Kan

Kì í ṣe Drosophila tí ń rà bàbà lórí ẹmu ni mo bá wá. Ìdílé mìíràn ni tirẹ̀. Eṣinṣin tí ń fi ìdí gún máńgòrò tí ó ṣì wà lórí igi, tí ó ń yé ẹyin sí i, tí ìdin sì ń ti inú bà á jẹ́, ni mo ní lọ́kàn.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Ceratitis cosyra àti Ceratitis capitata. Ṣùgbọ́n ní 2003 a rí àlejò kan ní Kẹ́ńyà, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2005, Drew, Tsuruta àti White sọ ọ́ ní Bactrocera invadens. Ó jọ Bactrocera dorsalis ti Éṣíà, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúró sójú kan: òmíràn dúdú, òmíràn pupa.

Ǹjẹ́ àwọ̀ ẹ̀yìn tó láti sọ pé ẹni méjì kì í ṣe ìyekan? Mélòó nínú agbo ilé wa ni ì bá ṣẹ́ kù! Àwọn onímọ̀ kó àwọn méjèèjì sínú àgò kan. Wọ́n gun ara wọn, ọmọ wọn yè, ọmọ náà sì tún bímọ. Òórùn tí akọ fi ń pe abo kò yàtọ̀, DNA wọn kò sì ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní 2015, Schutze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé dorsalis náà ni invadens. Drew kò gbà. Ti Schutze ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀rọ̀ inú àgò nìkan ṣe ẹ̀rí: Bactrocera carambolae náà lè bí ọmọ fún dorsalis nínú àgò, síbẹ̀ ẹ̀yà tirẹ̀ ni a kà á sí. Níbi tí ìdílé kò bá tíì pẹ́ tí ó pín, ààlà kì í hàn gaara.

Kí ni èyí kan ẹni tí ó ní oko ní Akínmọ̀ọ́rìn? Orúkọ kòkòrò ni àwọn tí ń yẹ èso wò ní ibodè ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó gba ẹrù tàbí kí wọ́n dá a padà. Bí ó bá sì jẹ́ dorsalis ni, gbogbo ohun tí a ti kọ́ nípa rẹ̀ ní Hawaii àti ní Éṣíà di ohun tí àwa náà lè lò. Ẹni tí ó bá fi methyl eugenol sínú ìkòkò kọ́ sórí igi, akọ dorsalis ni yóò mú. Cosyra tí ó wà lórí máńgòrò kan náà kò ní yà síbẹ̀.