Ọ̀gá Tó Ń Paná Nínú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní fi gírámà dà yín láàmú.

Ẹ mọ ohun tí iná ń ná wa ní Agége. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Àwọn yòókù ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọpọlọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń ní. Bí wọ́n bá fẹ́ kó yá sí i, wọ́n á mú un sáré. Àmọ́ eré náà ń mú ooru wá. Ní 2004, Intel pa ọpọlọ tuntun kan tì nítorí ooru, wọ́n sì yíjú sí kíkó ọpọlọ púpọ̀ pọ̀.

Ẹ wo ilé búrẹ́dì wa. Bí ààrò bá jẹ́ mẹ́jọ, tí búrẹ́dì tí a fẹ́ yan ò ju ti ẹyọ kan lọ, ṣé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la ó dáná sí? Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á dá ẹyọ kan. Nínú kọ̀ǹpútà, operating system ni ọ̀gá yẹn: Windows, Linux, Android. Ó ń kó iṣẹ́ kéékèèké sójú kan kí àwọn ọpọlọ tó kù lè sùn. Ó tún ń dín eré kù, kí fóltéèjì lè wálẹ̀. Bí fóltéèjì bá lè wálẹ̀ sí ìdajì, iná tí iṣẹ́ kan náà ń jẹ á bọ́ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ní 2011, ARM kéde ètò tó da ọpọlọ ńlá àti kékeré pọ̀. Ní 2019, Linux 5.0 wá lè ṣírò èyí tí yóò jẹ iná kéré jù kó tó gbé iṣẹ́ fún un. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà.

Ṣùgbọ́n bí ètò kan bá ń jí ọpọlọ ní gbogbo ìgbà láìnídìí, apá ọ̀gá ò ní ká a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí a tó dáwó jẹnẹrétọ̀ ńlá fún yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ètò iná inú àwọn kọ̀ǹpútà náà ṣe, kí wọ́n máa sùn bí ẹnikẹ́ni ò bá lò wọ́n, ká sì yọ àwọn ètò tí kò wúlò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá jáde kẹ́yìn ni kó paná.