Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ń Gbèsì



Àwọn bàbá wa ló pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ń gbèsì: ti àwọn tó ń fi rédíò ṣe fàájì, tí wọn kì í gbowó lórí rẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn ti àgbáyé sílẹ̀ ní Paris. Tiwa ní Nàìjíríà, 5N ni àmì ìdánimọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ ká dá irú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ariwo ló tú ìpàdé wa tó kọjá ká, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Lórí rédíò yìí, bí o bá ti tẹ bọ́tìnnì láti sọ̀rọ̀, o ò ní í gbọ́ ẹlòmíì. Bí ẹni méjì bá jọ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú mọ́ra. Nítorí náà, wàá dárúkọ àmì rẹ, wàá sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, wàá ní "over", wàá dákẹ́. Òfin ò gba ká tajà níbẹ̀. Òṣèlú ńkọ́? Àwa fúnra wa la ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé àṣẹ ìjọba ló ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ ra ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa ní físíìsì, ẹ ó tún kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó yá, ta ló fẹ́? Ẹ nawọ́.