Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ: Oògùn Ara Gbígbóná Fún Ọmọdé

  

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ti àwọn ọmọ wa ni. Tí ara ọmọ bá gbóná ní ìsọ̀, ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká ra Panadol lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ká bu díẹ̀ sí ṣíbí, ká padà sídìí ọjà. Oògùn yẹn dára, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń bà jẹ́, ó sì lè má hàn lọ́jọ́ kìíní.

Èkíní, ìwọ̀n. Bí ọmọ ṣe wúwo tó la fi ń wọn oògùn. Paracetamol olómi tó wọ́pọ̀, mílígíráàmù 120 tàbí 125 ló wà nínú mílílítà 5. Ọmọ tó wúwo tó kílò 10, mílílítà 5 ti tó o. Ọmọ tó kéré sí ìyẹn, kí nọ́ọ̀sì tàbí kẹ́míìsì gidi wọn ọ́n fún yín. Ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí 4 sí 6 kí ẹ tó tún fún un, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24. Ife kékeré tó bá oògùn wá ni kí ẹ lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ṣebí ẹ mọ̀ pé kóńgò kan ju kóńgò kan lọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíbí ọbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Òmíràn nínú rẹ̀ le tó ìlọ́po mẹ́rin síróòpù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ gbóná, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Èkejì, ẹ má pa oògùn pọ̀. Paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó fún ọmọ ní méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló fún un. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kò sí ìtìjú ńbẹ̀, ẹ gbé ìgò wá bá wa. Aspirin ní tiẹ̀, ẹ má fún ọmọdé láìjẹ́ pé dókítà ló sọ ọ́.

Èkẹta, ibi tí a ti ń rà á. Ẹ rántí oògùn eyín My Pikin, lọ́dún 2008 sí 2009. Kẹ́míkà olóró ló wọnú rẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ bà jẹ́, ó lé ní ọgọ́rin ọmọ tó kú. Tí ọmọ bá lo oògùn tí kò tọ̀ mọ́, ẹ dá a dúró, ẹ gbé ọmọ àti ìgò lọ sí ọsibítù. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti pa lórí àtẹ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bà jẹ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀.

Èkẹrin, ooru ara ni Panadol ń mú wálẹ̀, kò wo ibà. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìlera kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí kò bá lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró rárá. Tó bá jẹ́ gìrì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màálù. Ìtọ̀ màálù ti pa ọmọ rí.

A mọ ohun tó ń dá wa dúró: ta ni yóò wo ìsọ̀? Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ yín pé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, kó máa lọ. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a tajà, kó sì kó owó rẹ̀ fún un pé pérépéré. Ọjà ọ̀la ń bọ̀, ọmọ ò ṣeé rà lọ́jà.

A ò ní fọwọ́ wa sinmọ o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́